Fóònù ní ó ti dé: bí Bàbá Ìbejì ṣe já sí gọ́tà ní Arákalẹ̀, l'Ákùúrẹ́

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nígbà òjò ọdún tó kọjá, fóònù Bàbá Ìbejì sọ sí i létí pé ó ti dé ibi tó ń lọ. Ó yà sọ́wọ́ òsì, bó ṣe máa ń yà wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ náà ò bá ilẹ̀. Gọ́tà ni, wọ́n ti ká síláàbù orí rẹ̀ kúrò. Ó wọ inú rẹ̀ dé ìbàdí. Ọ̀pá funfun ọwọ́ rẹ̀ kán sí méjì, egungun ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sán, awọ apá rẹ̀ bó láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́.

Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìrìn ọ̀pá. Nígbà tí Ìyá Ìbejì pè mí láti ilé ìwòsàn, kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti ń bi ara mi pé kí ni mo gbàgbé láti kọ́ ọ. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí a rí nígbà tí a padà lọ tọ ọ̀nà náà lẹ́sẹẹsẹ, àti ohun tí a yí padà. Bàbá Ìbejì fọwọ́ sí i. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí i létí, ibi méjì ló ní kí n tún kọ. Ọ̀kan ni ibi tí mo ti pè é ní ẹni tí ojú ń dùn. Ó ní, "Tíṣà, ojú ò dùn mí o. Mi ò ríran ni. Ẹ kọ afọ́jú síbẹ̀." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Páàtì mọ́tò ló ń tà, ó ti lé ní ogún ọdún, ní títì kékeré kan tó yà kúrò lára Arákalẹ̀, tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Òkè-Àró ló ń gbé. Glaucoma ló gba ojú rẹ̀. Glaucoma tó kọ lù ú yìí kì í dunni, kì í pọ́n ojú. Iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ ló ń pa díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìran ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé tí òun bá na abọ́ sí ọkọ òun láti ẹ̀gbẹ́, kì í rí i, àfi tí òun bá gbé e wá síwájú. Ó rò pé ìbínú ni. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, èyí tó lọ ti lọ. Oògùn àti iṣẹ́ abẹ lè dáàbò bo èyí tó kù, wọn ò lè dá èyí tó ti kú padà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé láàárín àwọn tó ti pé ogójì ọdún sókè, kátáráàtì, ìyẹn funfun tó ń bo inú ẹyinjú, ló ń fọ́ ojú jù lọ, glaucoma ló tẹ̀lé e. Wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ kátáráàtì kí ojú tún ríran. Mò ń sọ èyí nítorí ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ti ń fara gbá férémù ilẹ̀kùn báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn lọ kí wọ́n wọn ìfúnpá ojú wọn, ẹ má dúró de ìrora.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kò bá ojú lọ. Ẹ fún un ní bíréèkì páàdì méjì, á fi àtàǹpàkò ra etí irin ẹ̀yìn wọn, á ní èyí ti Micra, èyí ti Corolla. Tó bá mú bíárìn, á gbé e sétí, á rọra yí i, á sì sọ bóyá iyanrìn ti wọ inú rẹ̀. Mo ti rí mẹkáníìkì tó mú ayédèrú wá láti wá pààrọ̀, tí Bàbá Ìbejì fi ìka kan ra á, tó sì dá a padà sí i lọ́wọ́ láìsọ nǹkan kan. Ọkùnrin náà kó o sápò, ó bẹ̀bẹ̀.

Ọ̀nà ni ìṣòro. Fún ọdún méjì, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ló ń mú un lọ láàárọ̀, tó ń mú un bọ̀ lálẹ́. Nígbà tí ọ̀kan wọ yunifásítì, tí èkejì lọ kọ́ṣẹ́ ní Oǹdó, Bàbá Ìbejì jókòó sílé oṣù mẹ́ta. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń tajà, owó ọjà ò sì dọ́gba mọ́. Ìgbà yẹn ló ránṣẹ́ pè mí.

Fóònù ló fẹ́ kí n kọ́ ọ. Ẹnìkan ti sọ fún un pé fóònù ń mú afọ́jú rìn nílùú òyìnbó. Mo ní ọ̀pá la máa fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá funfun kì í ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àmì ìtọrọ báárà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé wa rò ó sí nìyẹn. Ní 1921, ọkùnrin kan ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Biggs, tí jàǹbá gba ojú rẹ̀, kun ọ̀pá rẹ̀ ní funfun kí àwọn awakọ̀ lè máa rí i. Èyí tó gùn, tí a fi ń wá ilẹ̀, dìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí Richard Hoover ń kọ́ àwọn sójà Amẹ́ríkà tí ojú wọn fọ́ lójú ogun. Ó ga dé egungun àyà ẹni tó ń lò ó. Tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ń lọ síwájú, orí ọ̀pá á kan ilẹ̀ lápá òsì. Tí ẹsẹ̀ òsì bá ń lọ, á kàn án lápá ọ̀tún. Ibi tí ọ̀pá kàn báyìí ni ẹsẹ̀ máa tẹ̀ lẹ́yìn náà. Gbogbo àṣírí rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ: ilẹ̀ tí ọ̀pá kò bá tíì fọwọ́ kàn, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ rántí gbólóhùn yìí, a óò padà sí i.

Lẹ́yìn oṣù méjì, a mú fóònù. Android ni tirẹ̀. TalkBack tó wà nínú rẹ̀ máa ń ka ohun tó bá wà lábẹ́ ìka. Tó bá gbọ́ èyí tó fẹ́, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn kò ṣòro fún ẹni tí ìka rẹ̀ ń ka bíárìn. Ohun tó ṣòro ni ohùn tó ń jáde. Ohùn náà kò gbọ́ Yorùbá. Oyèmẹ́kùn di "Óyímíkọ́ọ̀n", Arákalẹ̀ di "Árakéèlì". Ọkùnrin tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́ ní láti tún orúkọ àwọn títì ìlú rẹ̀ kọ́ bí ẹni ń kọ́ èdè àjèjì, kó lè mọ ibi tó dé. Ó dùn mí lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń dùn mí.

Síbẹ̀, fóònù náà ṣe oore. Nínú takisí, ṣe ni afọ́jú máa ń gbé ara lé àánú awakọ̀: tó bá rántí, á sọ fún un pé ibí rèé, tó bá gbàgbé, á gbé e kọjá. Lọ́sẹ̀ kejì tí Bàbá Ìbejì ń dá lọ, awakọ̀ kan fẹ́ gbé e kọjá. Ó ní, "Bọ́ọ̀dá, ẹ dúró, a ti dé ọ̀dọ̀ mi." Awakọ̀ náà yíjú wo ojú rẹ̀, ó wo ọ̀pá, ó ní, "Bàbá, ẹ̀ ń ríran ni?" Ìtàn yìí ló fi ń kí mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Mo ṣàlàyé fún un bí fóònù ṣe ń mọ ibi tó wà, torí mi ò fẹ́ kó gbà á bí iṣẹ́ ìyanu. Àwọn sátẹ́láìtì GPS wà lókè, ó kéré tán mẹ́rìnlélógún, ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà sí ilẹ̀. Fóònù ń gba ìró rédíò láti ọ̀dọ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára wọn, ó ń fi ìyàtọ̀ àkókò tí ìró kọ̀ọ̀kan dé ṣírò ibi tó wà. Lábẹ́ òfuurufú tó ṣí sílẹ̀, ó lè fi nǹkan bíi mítà márùn-ún ṣìnà. Láàárín ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti páànù, ìró á máa gbá lára ògiri kó tó dé ọwọ́ fóònù, àṣìṣe á sì pọ̀ sí i. Ẹni tó ń wa mọ́tò kò ní mọ̀ pé máàpù fi mítà márùn-ún ṣìnà, torí ó ń wo ìta. Ní títì ọ̀dọ̀ Bàbá Ìbejì, mítà márùn-ún ni láti gọ́tà òsì dé gọ́tà ọ̀tún.

Mo sọ gbogbo èyí fún un. Ó gbọ́. Ó lọ, ó bọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsí ìṣòro. Kí ló wá dé ní Ọjọ́bọ̀ yẹn?

Lọ́jọ́ kẹta tó ṣubú, mo gba fóònù rẹ̀, mo lọ sí Arákalẹ̀. Mo ní kó mú mi lọ sí ibi kan náà, mo sì ń tẹ̀lé ohùn rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀nà. Mo bá ibi tí ó máa ń yà. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ sọ fún mi pé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ àjàgbé kan dí ẹnu ọ̀nà náà pa, wọ́n ń já sìmẹ́ǹtì. Bàbá Ìbejì fi ọ̀pá kan táyà rẹ̀, ó yí sọ́tùn-ún, ó kan táyà mìíràn, ó sì tẹ̀ síwájú lórí títì ńlá. Fóònù rí i pé ó ti kúrò lójú ọ̀nà, ó wá ọ̀nà mìíràn fún un. Ó ní kó wọ ìyànà tó kàn. Èmi náà wọ̀ ọ́. Ó ní kí n rìn lọ tààrà. Mo rìn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní mo ti dé, ibi tí mo ń lọ wà lọ́wọ́ òsì mi.

Mo wo òsì. Gọ́tà ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, láìní ìdérí, pẹ̀lú ẹrẹ̀ dúdú àti ọ̀rá ìpápánu. Ògiri búlọ́ọ̀kù ló tẹ̀lé e, láìní fèrèsé. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ìbejì ni ògiri yẹn. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín èmi àti àwọn páàtì rẹ̀, ògiri sì wà láàárín wa. Fóònù kò parọ́. Ibi tó mú un dé, ibẹ̀ náà ni.

Mo wá máàpù náà wò dáadáa. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì ló fi àmì sí ibi tí ṣọ́ọ̀bù náà wà, láti inú yàrá rẹ̀ níbẹ̀, nípa wíwo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà látòkè. Orí páànù ló fi àmì náà sí, lápá ẹ̀yìn. Ọmọ náà ò ṣe nǹkan burúkú, bó ṣe wu ẹnikẹ́ni ló máa ṣe é. Àmọ́ áàpù máàpù kì í sábà mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Títì tó bá sún mọ́ àmì jù lọ, ibẹ̀ ló máa mú ènìyàn lọ. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló sún mọ́ ọn jù. Títí di ọjọ́ yẹn, Bàbá Ìbejì ń gba ọ̀nà tó mọ̀ lórí, ọwọ́ àti ọ̀pá rẹ̀ ló ń rí ilẹ̀kùn, fóònù kàn ń bá a sọ̀rọ̀ lọ. Ọjọ́ tí ọ̀nà tó mọ̀ dí ni fóònù fún ìgbà àkọ́kọ́ di olórí ìrìn náà.

Ìyá elẹ́rọ ata kan wà ní ẹ̀yìn níbẹ̀. Ó rí gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Mo pariwo o! Mo ní Bàbá, ẹ dúró, ẹ dúró, gọ́tà! Mo pa ẹ̀rọ kí n lè pariwo. Kò wò mí. Mo rò pé etí náà ò gbọ́ ni." Ara mi bù máṣọ. Etí rẹ̀ gbọ́. Íyàpíìsì ló fi dí méjèèjì, torí ariwo ọjà kì í jẹ́ kó gbọ́ fóònù. Ẹni tí etí jẹ́ ojú fún, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí i, mi ò sì kọ̀ fún un rí.

Èyí tó kù, Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ nígbà tí wọ́n tú POP ẹsẹ̀ rẹ̀, tí a jọ padà síbẹ̀. Mo ní kó ṣe bó ṣe ṣe lọ́jọ́ náà. Ó rìn bọ̀ dáadáa, ọ̀pá ń kan ilẹ̀ lósì lọ́tùn-ún. Nígbà tí fóònù sọ pé ó ti dé, mo rí i: ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá nà ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èjìká rẹ̀ rọ̀, ó sì fi gbogbo ara yí sósì bí ẹni tó fẹ́ wọlé ara rẹ̀. Mo di apá rẹ̀ mú. Ó dúró jẹ́ẹ́. Ó ní, "Tíṣà, ibí yìí ni. Bí mo ṣe gbọ́ pé mo ti dé, mo kó ọ̀pá nílẹ̀."

Ẹ̀bi mi wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a ń kọ́ ọ, tí fóònù bá ti ní a ti dé, a máa ń ki ara wa kú iṣẹ́, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti parí nìyẹn. Mo fi ẹnu mi kọ́ ọ pé ilẹ̀ tí ọ̀pá kò bá fọwọ́ kàn, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, mo sì fi ìṣe mi kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ fóònù lè gba ipò ọ̀pá ní ìṣísẹ̀ tó gbẹ̀yìn.

Ní ti síláàbù tí wọ́n ká kúrò, àwọn tó kó ìdọ̀tí inú gọ́tà ló ká a, wọn ò dá a padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ènìyàn tó ríran á fò ó, á sì gbàgbé. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní Oṣù Kìíní 2019 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara sọ ọ́ kedere pé ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe fún wọn láti lo ẹ̀gbẹ́ títì àti ibi ìsọdá títì tí gbogbo ènìyàn ń lò, ó sì dárúkọ àwọn tí ojú wọn kò ríran. Òfin wà níwèé. Gọ́tà náà wà nílẹ̀.

Nílé, ọ̀rọ̀ ti di nǹkan mìíràn. Ìyá Ìbejì ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lóore. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó jókòó báyìí. Mi ò fẹ́ di opó." Ojú rẹ̀ pọ́n, kò sùn. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ sí i. Ọkọ rẹ̀ ló dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Ìyá Ìbejì, nínú ilé yìí náà mo máa ń kọsẹ̀. Ṣé kí n kúrò ńlé náà ni?" Obìnrin náà ò fèsì. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun gbà, àmọ́ kó máa pe òun tó bá ti dé.

Ní àkókò yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mú ọ̀pá kan tó ṣe wá. Àpótí kékeré wà ní ọwọ́ rẹ̀ tó ń ju ìró síwájú, ìró tó ń gbọ̀n nígbà 40,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí etí ènìyàn kò lè gbọ́. Tí ìró náà bá kan nǹkan, á padà. Àkókò tó fi padà ló ń sọ bí nǹkan náà ṣe jìnnà tó, ọ̀pá á sì gbọ̀n lọ́wọ́. Wọ́n ti ń ta irú rẹ̀ ní Íńdíà láti 2014, èyí tí IIT Delhi, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan níbẹ̀, ṣe. Bàbá Ìbejì fi ti ọmọ náà rìn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun kan wà tó ṣe tí ọ̀pá lásán ò lè ṣe: ó rí irin ìbòòrùn ṣọ́ọ̀bù tó yọ síta ní ọ̀gangan iwájú orí. Ọ̀pá lásán máa ń gba abẹ́ irú irin bẹ́ẹ̀ kọjá, iwájú orí ni ènìyàn á fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bàbá Ìbejì ní àpá mẹ́ta níwájú orí láti ara irú irin yẹn. Àmọ́ nínú ọjà, kò dákẹ́. Ènìyàn ní iwájú, ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń gbọ̀n títí ọwọ́ fi kú. Nígbà tó sì dé etí gọ́tà, kò gbọ̀n rárá. Ohun tó bá wà ló ń dá ìró padà, ihò kì í dá nǹkan kan padà. Bàbá Ìbejì dá a padà fún ọmọ náà pẹ̀lú àdúrà, ó ní kó fi ojú kejì sí i tí á máa wo ilẹ̀. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tí a yí padà kò náwó púpọ̀. A kọ́kọ́ kúrò lórí àmì orí páànù. Mo mú Bàbá Ìbejì dúró sí àárín títì níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí òfuurufú ti ṣí, a dúró títí tí fóònù fi fara balẹ̀, a fi àmì síbẹ̀. A tún pààrọ̀ áàpù. Google Maps kì í fún ẹlẹ́sẹ̀ ní ìtọ́sọ́nà tí dátà bá tán, bí ẹ tilẹ̀ ti gba máàpù ìlú náà sílẹ̀. A lọ sí OsmAnd, tó ń lo OpenStreetMap, máàpù tí ará ìlú kọ̀ọ̀kan lè tún ṣe, tó ti wà láti 2004. Kò nílò dátà tí máàpù bá ti wà nínú fóònù. Ó ní ibi tí afọ́jú ti lè ní kó máa sọ ìhà bí ojú aago: iwájú ni méjìlá, ọ̀tún ni mẹ́ta, òsì ni mẹ́sàn-án. Mo wọlé sínú máàpù náà, mo fa ọ̀nà ẹ̀yìn àti títì iwájú síbi tí wọ́n wà gan-an.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹlẹ́rìí. Orúkọ tí Bàbá Ìbejì fún wọn nìyẹn. A fi àmì mẹ́fà sí ojú ọ̀nà rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀gbẹ́ ohun tí etí, imú tàbí ẹsẹ̀ lè mọ̀: ibi tí ọ̀dà títì ti parí tí sìmẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìfúntáyà fọkanáísà, òórùn àkàrà ìyá kan tí kì í kúrò níbẹ̀ kó tó di aago mọ́kànlá, ẹnu ẹ̀rọ omi mọ́ṣáláṣí tó ń kán, ìdagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ níwájú ilé aránṣọ, àti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, tí a so agogo irin kékeré mọ́ kí atẹ́gùn máa lù ú. Fóònù á sọ̀rọ̀. Ohun kan lórí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Tí ẹlẹ́rìí kò bá sí, dúró, béèrè.

Bíbéèrè náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Tí ẹ bá bi ènìyàn l'Ákùúrẹ́ pé ibo ni ibì kan wà, á ní "níbẹ̀ yẹn", á sì nàka. Ìka náà kò wúlò. Bàbá Ìbejì kọ́ láti bi wọ́n pé, "Ṣé ọwọ́ ọ̀tún mi ni àbí òsì mi? Ìṣísẹ̀ mélòó?" Àwọn mìíràn á fa ọ̀pá rẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́, bíi pé wọ́n fa ojú ènìyàn. Ó máa ń rọra gbà á padà, á ní, "Ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ kí n di ìgúnpá yín mú." Ìgúnpá ẹni tó wà níwájú á sọ fún un tí ilẹ̀ bá ga tàbí tó bá lọ sísàlẹ̀. Àwọn ará títì rẹ̀ ti mọ̀ báyìí. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ló ń kọ́ àlejò.

Íyàpíìsì di ẹyọ kan, etí kan ṣoṣo. Tí ọ̀nà tó mọ̀ bá dí, kò wọ ọ̀nà tuntun. Ó ń dúró pe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kó wá pàdé rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, èmi àti ẹ̀ ń rìn káàkiri, mo ń pariwo "Ẹ ti dé!" níbi tí kò retí: létí gọ́tà, níwájú ògiri, lójú òpópónà, lórí àtẹ̀gùn. Ìgbàkígbà tó bá gbọ́ ọ, ọ̀pá gbọ́dọ̀ wá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹsẹ̀ tó ṣí. Lọ́jọ́ kẹfà, mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nígbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn, ọ̀pá rẹ̀ sì jáde kí ọ̀rọ̀ ẹnu mi tó tán. Mo mọ̀ pé ó ti wọ̀ ọ́ lára.

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn náà dá owó jọ, bíríkìlà da síláàbù tuntun. Ìyá elẹ́rọ ata ló gba owó lọ́wọ́ gbogbo wọn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun á fi lọ́la.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí Bàbá Ìbejì padà sọ́nà, Ìyá Ìbejì ń tẹ̀lé e láti ẹ̀yìn, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, láìsọ fún un. Á wọ takisí tó tẹ̀lé tirẹ̀, á dúró ní ìkọ̀kọ̀ títí ó fi wọ ṣọ́ọ̀bù, á wá gbé ìpè rẹ̀ bíi pé ilé ló wà. Òun ló sọ fún mi. Bàbá Ìbejì náà sọ fún mi, lọ́tọ̀, pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lòún ti ń gbọ́ sálúbàtà rẹ̀, torí ọ̀kan máa ń wọ́ nílẹ̀. Kò sọ fún un pé òun mọ̀. Ibi kejì tó ní kí n tún kọ nìyí: mo ti yọ ọ́ kúrò, ó ní kí n dá a padà, ó ti tó àkókò kó gbọ́.

Báyìí, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ló ń dá lọ. Tí òjò bá ń rọ̀, kì í lọ, torí ariwo páànù máa ń bo àwọn ẹlẹ́rìí. Power bank kan kì í kúrò ní àpò rẹ̀, nítorí iná.

Ní oṣù tó kọjá, ó pè mí ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní ọ̀pá òun bá ihò tuntun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ṣáájú mọ́ṣáláṣí, síláàbù kan ti kán wọlé. Ó ní òun ti fi àmì síbẹ̀ nínú fóònù, kó máa kìlọ̀ fún òun tí òun bá ti ń sún mọ́ ọn, òun sì ti sọ fún obìnrin afọ́jú kan tó ń gba ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí òun fẹ́ ni kí n wá fi ojú wò ó, bóyá ó gùn dé ẹnu ẹ̀rọ omi. Mo lọ ní Sátidé. Ó gùn débẹ̀, ìṣísẹ̀ méje.